Ọjọ́bọ̀ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Fagi Lé

Obìnrin kan tí mo jù lọ́jọ́ orí ló ń tọ́jú rẹ́jísítà ní ọ́fíìsì wa ní èbúté Àpápá nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé kọntéínà, yóò fagi lé àyè tó wà tẹ́lẹ̀ nínú ìwé, yóò sì kọ àyè tó ṣófo tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá pè é kúrò nídìí ìwé, òkè ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Yóò fagi lé àyè tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, yóò sì fún ẹrù náà ní òmíràn. Àwa la ó máa wá kọntéínà kiri nínú oòrùn. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọ́n sì gbé e lọ sí sítọ́ọ̀. Mo sọ fún gbogbo ọ́fíìsì pé ẹni tó ní làákàyè á wo ìwé kó tó gbé bírò. Mi ò kábàámọ̀. Òun náà ti sọ fún ọ̀gá pé mo máa ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ló kàn án?

Lọ́dún yìí, ojú ọ̀tún mi ṣú. Ilé ìwòsàn fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún iṣẹ́ abẹ. Aládùúgbò mi kan ní Olódì sọ fún mi pé obìnrin rẹ́jísítà yẹn náà ń bọ̀ wá ṣe ojú lọ́jọ́ kan náà. Mo ní ó tán. Orí fóònù ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ọjọ́: èèyàn á kọ́kọ́ fi ọjọ́ tó ní sílẹ̀, lẹ́yìn náà á mú òmíràn. Mo fi Ìṣẹ́gun sílẹ̀, mo mú Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tó kù kí dókítà tó lọ sí ìsinmi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ọmọbìnrin mi ní kí n wo ọjọ́ tó wà lórúkọ mi kí n tó tún tẹ nǹkan kan. Mo bi í pé ta ló bí ẹnì kejì. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n fi ọjọ́ mi sílẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́bọ̀ tí mo ti gbà láìmọ̀ ni mo fi sílẹ̀ yẹn. Kí n tó tún mú un, ẹlòmíì ti gbà á, Ìṣẹ́gun mi náà sì ti lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Olódì lọ bẹ̀ wọ́n nílé ìwòsàn. Akọ̀wé wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní orí mi ṣe é: ẹnì kan fi Ìṣẹ́gun sílẹ̀ lánàá, ó mú Ọjọ́bọ̀. Ó fi ẹnu júwe rẹ̀ fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin rẹ́jísítà yẹn ni.

Ó kí mi dáadáa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé Ìṣẹ́gun lẹ ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n la ojú mi tán kó jẹ́ ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ rí.”

Ó béèrè bí Ọjọ́bọ̀ ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyà ló ní kí n ṣàlàyé.

Ó ní, “Ẹ ò wo ìwé kẹ́ ẹ tó gbé bírò?”

Mo gba Ìṣẹ́gun. Kí n tó kúrò nídìí tábìlì, mo ní kí akọ̀wé yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi, kí n fi ojú òsì mi rí i pé orúkọ mi wà níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín obìnrin náà lẹ́yìn mi.