Fèrèsé Tí Màmá Mi Kò Wò

Ọyẹ́ Abidjan, ọyẹ́ orúkọ lásán ni. Yóò gbẹ èèyàn létè fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò da eruku sórí ọkọ̀, ooru á sì padà gba ilé rẹ̀. Màmá mi kì í yéé fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀yin ọmọ Abidjan, kí lẹ mọ̀ nípa ọyẹ́? Ọyẹ́ Ìgbòho ni ọyẹ́, tí eyín á máa gbá ara wọn lẹ́nu." Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ta aṣọ nínú ọjà Treichville. Ní gbogbo ọdún yẹn, ọ̀nà méjì péré ni wọ́n mọ̀: ọ̀nà ọjà, àti ọ̀nà Ìgbòho nígbà tí òkú tàbí ìgbéyàwó bá pè wọ́n lọ sílé.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kó èrò lọ sókè, dókítà ojú pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú òsì Màmá ti lọ, ọ̀tún sì ń tẹ̀ lé e. Òògùn tí à ń kán sí i yóò fa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀ ni, kò lè dá a dúró. Ó ní, "Madame, bí ohun kan bá wà tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí, ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀." Mo sunkún nínú gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré ìlú wa, láti ibẹ̀ dé Treichville, èrò ń wò mí. Nígbà tí mo délé, mo nu ojú mi, mi ò sọ nǹkan kan fún Màmá, mo mú bírò àti ìwé.

Ẹ gbọ́ o, ètò ni iṣẹ́ mi. Ní Vridi, ọ́fíìsì tí mo wà létí èbúté, àwa là ń mọ ọjọ́ tí ẹrù yóò sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ tí yóò gbé e, àti wákàtí tí yóò dé ibi tó ń lọ. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò lè wá máa gbé ìyá rẹ̀ rìn bákan ṣáá. Nínú kọ́ńjé, ìsinmi iṣẹ́ mi ní oṣù Kejìlá, ni a ó lọ. A ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Treichville láàárọ̀, Màmá létí fèrèsé, wọn ó wo igbó títí yóò fi di ọ̀dàn, wọn ó wo odò Nzi, wọn ó wo Bouaké. A ó sọ̀ ní Ferké, lápá àríwá. Láti ibẹ̀, bọ́ọ̀sì ni: ọ̀kan lọ sí Kong, kí wọ́n rí mọ́ṣáláṣí alámọ̀ àtijọ́ yẹn, ọ̀kan lọ sí Korhogo, lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ, ọ̀kan wá sí Yamoussoukro, èyí tó kẹ́yìn á já wa sí Adjamé, ibùdókọ̀ Abidjan. Mo fi bírò pupa kọ ọkọ̀ ojú irin, mo fi búlúù kọ bọ́ọ̀sì. Ó wú mi lórí débi pé mo gbé e lọ han àwọn ará ọ́fíìsì.

Màmá ní kí n kà á sí wọn létí.

"Kí ló wà ní Yamoussoukro yẹn?"

"Ọ̀nì wà níbẹ̀, Màmá. Inú adágún ni wọ́n wà, wọ́n á yọrí síta, ẹ ó máa wò wọ́n."

"Ọ̀nì? Kí ló pa èmi àti ọ̀nì pọ̀?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan náà wà níbẹ̀. Wíwò lásán ni o, Màmá, ẹnikẹ́ni ò ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀."

"Hẹn. Ọkọ̀ ojú irin yẹn, ṣé ó dé Ferké?"

"Ó dé Ferké."

"Ìyẹn tó." Wọ́n mú tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n ń kà á lọ. Ètò tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe!

Ẹni tó wà ní Ferké kì í ṣe àjèjì. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni, Ìyá Ferké là ń pè é. Màmá ni ìyálé rẹ̀ nínú agbo ilé wa ní Ìgbòho. Inú lọ́rì kan náà làwọn méjèèjì wá sí Côte d'Ivoire, ìyàwó kékeré ń bì sórí ẹsẹ̀ ìyálé rẹ̀ láti Ìgbòho wá, ìyálé ń nu ẹnu rẹ̀. Bàbá mi dúró ní Treichville, àbúrò rẹ̀ bá ojú irin lọ sí Ferké. Láti ìgbà yẹn, ẹrù ló ń bá wọn kí ara wọn. Òrí àti irú máa ń bá bọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀ wá sí Adjamé, ẹja gbígbẹ àti aṣọ máa ń bá bọ́ọ̀sì gòkè. Lálaalẹ́, tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n ojú kò rí ojú láti ìgbà ìsìnkú bàbá mi, ọdún mọ́kàndínlógún gbáko. Ogun dí ọ̀nà, ogun lọ tán, àìsàn ọkọ dé, lẹ́yìn náà ó di pé ta ni yóò jókòó ti ọjà. Ìyá Ferké ti lé ní àádọ́rin ọdún, "Ìyàwó" ni Màmá ṣì ń pè é.

Màmá ní, "Má sọ fún un pé à ń bọ̀ o."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ kó yà á lẹ́nu ni. Mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ara mi ò gbà á mọ́. Ẹrù lásán, a kì í rán an lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, ká má tíì sọ ti ìyá mi. Níbo la ó sùn? Ta ló máa pàdé wa? Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo pe Ferké.

"Ta ló ń bọ̀?" Ìyá Ferké pariwo. "Ìyálé mi? Sọ́dọ̀ tèmi?"

"Sọ́dọ̀ yín ni o, Ìyá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nínú ọkọ̀ ojú irin."

"Ó dáa, ọmọ mi. O ṣeun." Ó pa tẹlifóònù. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò pe Màmá. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Màmá jókòó ti tẹlifóònù. Wọ́n bojú wò mí, ojú kan ṣoṣo tó kù yẹn. "O ti sọ fún un."

Mo jẹ́wọ́. Tchié! Ìbínú tí mo rí lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rí irú ẹ̀ látìgbà tí mo ti dàgbà. "O ti bà á jẹ́! Ìyálé kì í dìde lọ kí ìyàwó, ìyàwó ló ń wá. Bí mo bá já lù ú lójijì, kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́, kò ní í jókòó kí n wá bá a. Yóò gbéra ni. Ọkọ̀ ojú irin á gbé mi gòkè, bọ́ọ̀sì á gbé e sọ̀kalẹ̀, a ó kọjá ara wa lójú ọ̀nà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?" Ohùn tèmi náà ti ń lọ sókè.

"Ṣé ó yẹ kí n máa kọ́ ọ lóhun tí ọmọ inú ilé mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Abidjan ni wọ́n bí mi sí, Faransé ni mo fi kàwé, mo sì ti ń gbéra ga pé Yorùbá mi dá ṣáṣá. Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ká fi Ferké sílẹ̀, ká gba Yamoussoukro lọ tààrà, ó kéré tán, wọn ó rí ọ̀nì.

Màmá dìde. "Gbọ́. Mi ò fẹ́ rí ọ̀nì. Mi ò fẹ́ rí òkè, mi ò fẹ́ rí odò. Ojú ìyàwó mi ni mo fẹ́ rí kí iná yìí tó kú."

Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé wọ́n ti mọ ohun tí dókítà sọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ìbínú mi domi. Mo dì mọ́ wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dárí jì mí, wọ́n ní kí n tú àwọn sílẹ̀, pé mò ń há àwọn láyà.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo pe Ferké títí, kò lọ. Èrò mi ni pé ká má lọ mọ́. Màmá ní rárá, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbéra tàbí kò tíì gbéra? Nítorí náà, láàárọ̀ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a ti di ẹrù sẹ́nu ọ̀nà, Màmá ti wọ bàtà, àwa méjèèjì ò sì mọ ohun tá a fẹ́ lọ bá. Bẹ́ẹ̀ la wà tí òórùn irú fi wọlé.

Òórùn náà ṣáájú ẹni tó ru ú. Ìyá Ferké dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpò irú lórí, ike òrí lọ́wọ́, eruku ọ̀nà lójú, ìborí rẹ̀ ti wọ́ lọ sẹ́yìn etí. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ má bínú, tẹlifóònù mi kú lójú ọ̀nà. Mo ní kí n wá mú yín ni. Ẹ ò lè dá wá sọ́dọ̀ mi bí ẹni tí kò léèyàn."

"Dìde, Ìyàwó. Bọ́ síta, kí n rí ọ."

Màmá fà á lọ síbi tí oòrùn àárọ̀ dé. Wọ́n tún ìborí rẹ̀ ṣe. Wọ́n gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, wọ́n yí ojú rẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Wọ́n ní, "O ti darúgbó," làwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, èmi náà bá wọn sun ún.

A ra bíyé, ìwé ọkọ̀, kẹta ní ibùdókọ̀ ojú irin. Mo fi Màmá sétí fèrèsé bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ètò mi, Ìyá Ferké jókòó sápá ọ̀tún wọn, níhà ojú tó kù. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra, Màmá yí ẹ̀yìn wọn sí fèrèsé, wọ́n kọjú sí ìyàwó wọn, orúnkún kan orúnkún.

"Màmá, ẹ wò ó, odò Nzi!"

"Ẹn-ẹ́n. Bá mi kí i."

Ní Bouaké, mo fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. "Màmá, Bouaké rèé o!"

"Ìwọ bá mi wò ó." Wọn ò yíjú. Inú bí mi díẹ̀, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Mo jókòó, mo wo igbó títí ó fi di ọ̀dàn, mo wo gbogbo ohun tí mo fi bírò pupa kọ, èmi nìkan.

Ní Ferké, ọyẹ́ tòótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ìyá méjèèjì wọ abẹ́ kúbùsù kan ṣoṣo, eyín wọn ń gbá ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín mi pé mo wọ ṣúẹ́tà méjì. A ò dé Kong, a ò dé Korhogo. Nígbà tá a ń bọ̀, bọ́ọ̀sì dúró ní Yamoussoukro, Màmá ń sùn, mi ò jí wọn.

Iná náà ti kú báyìí. Màmá ò lọ sọ́jà mọ́, ṣùgbọ́n tẹlifóònù ṣì ń dún lálaalẹ́, èmi ni mo máa ń gbé e sí wọn létí. Ìbéèrè kan náà ni Ìyá Ferké fi ń bẹ̀rẹ̀.

"Ìyálé mi, ṣé ẹ ń rí mi?"

"Mo ń rí ọ. Ìborí rẹ ti wọ́. Tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ á wá dákẹ́ díẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo rò pé ẹ̀rín ló ń rín. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé rárá o, lóòótọ́ ni ìyá òun máa ń gbé tẹlifóònù sílẹ̀, tí á fi ọwọ́ méjèèjì tún ìborí rẹ̀ ṣe.