Aṣọ́bodè Mẹ́rin Nínú Kọ̀ǹpútà Ìyá Toyibat

Kọ̀ǹpútà tí Mẹ̀dínátù fi ń jẹun ní Ọjà-Ọ̀dàn ti dàgbà. Mi ò sọ pé ó ti pẹ́ díẹ̀ o. Mo ní ó ti dàgbà. Bí kọ̀ǹpútà bá ń bímọ ni, àkọ́bí rẹ̀ ì bá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Tí Mẹ̀dínátù bá tàn án láàárọ̀, á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á lọ ra àkàrà, á jẹ ẹ́ tán, á tún bá alákàrà jà lórí bí àkàrà ọjọ́ náà ṣe kéré. Nígbà tó bá padà dé, ojú kọ̀ǹpútà á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ́lẹ̀ bọ̀, bí ẹni tó jí tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀.

Kùtọnu ni wọ́n ti rà á, tòkunbọ̀ ni. Ridwanullah, ọkọ rẹ̀, ló gbé e gba bodè Ìdí-Ìrókò wálé nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó fi aṣọ ìbora wé e bí ọmọ tuntun. Faransé ni kọ̀ǹpútà náà ń sọ nígbà tó dé. Ó pẹ́ kí Mẹ̀dínátù tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pupa tó máa ń yọ ní igun ojú rẹ̀ kì í ṣe ìkíni. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀ṣọ́ tó ń lé fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀rọ náà ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, kò ṣọ́ nǹkan kan mọ́. Mẹ̀dínátù fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó bá ẹ̀rọ wá ni, a kì í lé àlejò. Ó sọ ẹ̀ṣọ́ náà ní Mùsíyé, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni.

Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ pọ̀. Ó ń tẹ ìwé, ó ń tẹ àwòrán ìkómọ jáde, ó ń ṣe ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá Toyibat ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí àkọ́bí rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń mú fláàṣì wá. Àwọn fláàṣì tó ń wọ inú kọ̀ǹpútà yẹn lọ́jọ́ ọjà, tí wọ́n bá tò wọ́n sílẹ̀, wọ́n á dé Ìlaró, wọ́n á tún pẹ̀yìn dà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti bodè pa. Ọkọ̀ Ridwanullah dúró sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Adìyẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí yé sórí ìjókòó dírẹ́bà. Nígbà tó fi di oṣù kejì lẹ́yìn náà, adìyẹ náà ti ń wo èèyàn láti ojú fèrèsé bí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì. Wọ́n tún ní kí epo bẹntiróòlù má wọ àwọn ìlú tó sún mọ́ bodè, ni epo bá di ohun tí à ń fi ọgbọ́n wá. Kọ̀ǹpútà nìkan ló kù tó ń bọ́ ilé náà. Bó bá kú, kò sí òmíràn tó lè ti Kùtọnu wá. Mẹ̀dínátù mọ èyí débi pé tó bá fẹ́ pa á, ńṣe ló máa ń rọra fi ìka kàn án, bí ẹni tó ń pa iná yàrá tí ọmọ sùn sí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ṣí fódà tí àwòrán ìgbéyàwó kan wà, àwòrán ò ṣí. Ó ṣí òmíràn, bákan náà. Orúkọ gbogbo fódà wà níbẹ̀, inú wọn ṣófo. Ó lọgun. Bánjí, tó ń tún fóònù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tirẹ̀, sáré wọlé pẹ̀lú irin tó fi ń jó wáyà fóònù lọ́wọ́.

"Fáírọ́ọ̀sì ni," ó ní nígbà tó wò ó tán, ó sì pe orúkọ rẹ̀. "Ó kó wọn pa mọ́ ni, kò tíì pa wọ́n. A máa rí púpọ̀ gbà padà. Ṣùgbọ́n Ìyá Toyibat, ẹ̀ṣọ́ yín ti kú tipẹ́, ẹ kàn ń tọ́jú òkú ẹ̀."

"Mùsíyé?"

"Òun náà. Ẹ wá ẹ̀ṣọ́ tuntun. Ẹyọ kan o. Ọ̀fẹ́ wà, tó fúyẹ́, tí ẹ̀rọ arúgbó yìí lè gbé. Ojúlé àwọn tó ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti mú un, ẹ má gbà á nínú fláàṣì ẹnikẹ́ni. Ẹ ò lè máa gba ọlọ́dẹ lọ́wọ́ olè."

Mẹ̀dínátù gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dàgbà lẹ́bàá bodè kì í gbà pé ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo lè ṣọ́ nǹkan gidi. Lójú ọ̀nà tiwa, ẹ ó kan àwọn tó wọ aṣọ eérú, ẹ ó kan àwọn aláwọ̀ ewé, ẹ ó kan àwọn aláṣọ dúdú, ẹ ó tún kan àwọn kan tí wọn ò wọ aṣọ iṣẹ́ rárá, tí wọ́n kàn na okùn sójú títì. Bí wọ́n bá ti pọ̀ tó la ṣe ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ká ìjọba lára. Mẹ̀dínátù rò ó pé kọ̀ǹpútà òun ò kéré sí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Ló bá dáńlóòdù ẹ̀ṣọ́ ńlá kan tó lórúkọ. Dátà ọ̀sẹ̀ kan ló jẹ kó tó wọlé tán. Ó sọ ọ́ ní Alágbádá. Ó mú òmíràn tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ló ń yọjú síta pé kí wọ́n wá ra èyí tó sàn ju òun lọ. Ìyẹn ń jẹ́ Aláriwo. Ó wá mú èyí tí Bánjí júwe. Ìyẹn wọlé kí ó tó mí èémí kejì, kò fọhùn, ó kàn jókòó sí igun.

"Èyí tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ yìí? Kí ló fẹ́ mú?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ ní Tínrín. Kò sì lé Mùsíyé.

Láti ọjọ́ náà ni ìyọnu ti dé. Mẹ̀dínátù á tẹ lẹ́tà kan, lẹ́tà náà á kọ́kọ́ lọ kí gbogbo ẹbí rẹ̀ kó tó yọ. Alágbádá á yẹ ìwé wò, Aláriwo á ní òun náà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, Mùsíyé á máa fi Faransé ṣàròyé pé wọn ò bọ̀wọ̀ fún òun. Lọ́jọ́ kan Alágbádá mú Aláriwo, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, ó tì í mọ́lé. Aláriwo ké láti àtìmọ́lé pé Alágbádá gan-an lọ̀daràn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń jà, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ìbéèrè ìdánwò ilé ìwé Bàbá Bàrúwà ń bọ̀. Bàbá yìí ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n tó bí Mẹ̀dínátù; lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ló dá ilé ìwé tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ pé òun á mú iṣẹ́ wá lọ́jọ́bọ̀, àwọn ọmọ á jókòó ìdánwò lọ́jọ́ Ajé. Bí kò bá ṣeé ṣe, Ìlaró ni òun ń gbé e lọ. Mẹ̀dínátù sì mọ̀ pé ibi tí Bàbá bá gba Ìlaró lọ, gbogbo ilé ìwé tó kù á tẹ̀ lé e.

Ridwanullah gbé kẹ́ẹ̀gì epo tó kù nílé wọlé lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó gbé ọwọ́ lérí.

"Bàbá Toyibat, ẹ wò ó. Láti àárọ̀, ojú ewé kan."

"Ta ló dí i lọ́wọ́?"

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ ni. Mẹ́rin ni mo fi síbẹ̀, kí ohunkóhun má bàa wọlé."

Ọkọ rẹ̀ wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ obìnrin yìí! O gbé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò wọnú kọ̀ǹpútà! Ìwọ rò pé kí ló gbé ọkọ̀ tèmi sábẹ́ máńgòrò?"

"Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jàre."

"Mi ò fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Tòmátì ni mo kó lọ́jọ́ kan. Gbogbo wọn tú u wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn fi máa tú u, ọbẹ̀ ló bá níbẹ̀." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé bí wọ́n ṣe pọ̀ tó yẹn, arúgbó ni wọn kì í yẹ̀ wò. Màmá àgbà kan wà tí mo máa ń gbé. Tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á ní, 'Màmá, ẹ jókòó yín, ẹ kú ìrìn.' Ọjọ́ tí mo máa mọ̀ pé ìrẹsì ni màmá ń jókòó lé, ó ti ń fi ìdí kó ìrẹsì wọ Nàìjíríà láti ọdún tó lọ!"

Mẹ̀dínátù ò rẹ́rìn-ín. Ó ké sí Bánjí kó wá bá òun lé àwọn ẹ̀ṣọ́.

Bánjí kò fi ipá lé ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń rí bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe ń jẹ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ó ní kí Mẹ̀dínátù fúnra rẹ̀ wò ó. Alágbádá nìkan ń jẹ ju ìdajì lọ. Aláriwo ń jẹ èyí tó kù. Ibi tí Tínrín wà, bí ẹni pé èèrà fẹnu kan ọ̀rá ni. Wọ́n tún wò ó bóyá Tínrín bá irú Windows àtijọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ mu, bóyá orúkọ fáírọ́ọ̀sì tuntun tó ń gbà lójoojúmọ́ kò ní jẹ dátà púpọ̀. Ó bá a mu, kò sì jẹ púpọ̀. Ni wọ́n bá yọ Alágbádá àti Aláriwo kúrò, ó wá kan Mùsíyé. Ìyẹn ṣe Mẹ̀dínátù bákan. Ó ní, "Ó dàárọ̀ o, Mùsíyé," kó tó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà tún tàn, kò ráyè ra àkàrà. Ó tàn kó tó dìde. Ó jókòó, kò lè sọ pé inú òun dùn. Ilé tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ta ló ń ṣọ́ ọ?

Lọ́jọ́bọ̀, Bàbá Bàrúwà dé, ó fi áńkáṣíìfù funfun wé fláàṣì rẹ̀. Àwọn èèyàn wà lórí bẹ́ǹṣì. Mẹ̀dínátù kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí fódà ti ṣófo: fláàṣì àwọn ọmọ iléèwé, ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, ti àgbàlagbà, ńṣe ló máa ń fagi lé àyẹ̀wò kó má bàa dà bí ìwọ̀sí. Ó fi fláàṣì náà sínú kọ̀ǹpútà. Kó tó gbé ìka láti fagi lé àyẹ̀wò, Tínrín, tí kò fọhùn láti ọjọ́ tó ti dé, yọ pupa. Fáírọ́ọ̀sì wà níbí. Kí n pa á, àbí kí n jẹ́ kó kọjá?

Ìka rẹ̀ ti wà lórí "kó kọjá". Ta ni òun, tí òun á fi sọ fún ẹni tó kọ́ bàbá òun ní ìwé pé ẹrù rẹ̀ dọ̀tí? Ìgbà yẹn ni màmá onírẹsì wá sí i lọ́kàn. Ó wo orúkọ fáírọ́ọ̀sì náà. Orúkọ tí Bánjí pè lọ́jọ́ tí fódà ṣófo ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nǹkan kan wà nínú fláàṣì yín. Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ kí n tó ṣí i."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí Bàbá.

"Nínú fláàṣì tèmi?" Bàbá Bàrúwà na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀. "Mẹ̀dínátù, n kì í fọwọ́ kàn án láìṣe àlùwàlá!"

"Mo mọ̀, sà."

"Mo kọjá lánàá níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ na okùn sójú títì. Wọ́n sọ gbogbo èrò ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí èmi jókòó mi. Ìwọ wá ni wàá yẹ̀ mí wò? Ó dáa. Gbé e wá. Mò ń lọ Ìlaró."

Mẹ̀dínátù rí epo inú kẹ́ẹ̀gì, ó rí ọkọ̀ abẹ́ máńgòrò, ó rí oúnjẹ alẹ́. Kò dìde lórí eékún.

"Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń yẹ̀ wò. Ohun tó bá yín rìn ni. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti bá yín lọ. Táàmù tó kọjá, inú kọ̀ǹpútà yìí ni mo ti fláàṣì yín bọ̀, òkú ló ń ṣọ́ ọ nígbà náà. Mi ò mọ ẹni tó kó ran ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ́ kó kọjá, ìbéèrè àwọn ọmọ á ṣófo, ẹ̀rọ yìí á lọ, mi ò ní òmíràn."

Bàbá wò ó. Ó wo kọ̀ǹpútà.

"Àṣé ìdí nìyẹn tí àwòrán ọmọ-ọmọ mi kò fi ṣí." Ó jókòó, bẹ́ǹṣì sún fún un. "Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Mo mú fláàṣì yìí kiri gbogbo ìlú, gbogbo wọn ń kúnlẹ̀ fún mi, kò sí ẹni tó sọ fún mi. Fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n yára, ìrun ti ń sún mọ́."

Tínrín fọ̀ ọ́. Ìbéèrè ìdánwò jáde, àwòrán ọmọ-ọmọ náà ṣí, Bàbá sì fi han gbogbo ẹni tó jókòó, àti ẹni tí kò bèèrè. Epo ṣẹ́kù nínú kẹ́ẹ̀gì.

Bodè ò ṣí lọ́dún náà. Adìyẹ pa ọmọ sórí ìjókòó dírẹ́bà. Mẹ̀dínátù ń yẹ fláàṣì gbogbo èèyàn wò báyìí, ó sì ń kúnlẹ̀ fún àgbà bó ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan bínú lọ. Púpọ̀ nínú wọn ti padà wá pẹ̀lú fódà tó ṣófo. Bàbá Bàrúwà kò lọ ibì kankan. Tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, á dúró, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pẹ̀lú áńkáṣíìfù funfun láàárín ìka, á ké wọlé pé:

"Aṣọ́bodè, arúgbó dé o! Ẹ tú mi wò!"