Ẹ Má Mú Èyí Tó Dára Jù

Àwọn oníṣẹ́ awọ ló sọ ọ́ ní Alárinà. Orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí wọ́n bá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó máa ń kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò kó tó dáhùn. Bí ẹnì kan bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè òwò lòun, lábẹ́ ìjọba. Olúwarẹ̀ á mi orí bí ẹni tó gbọ́, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Bí wọ́n bá ní dókítà, ẹ ti rí abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ní tísà, ẹ ti rí ṣọ́ọ̀kì. Kí lẹ fẹ́ rí nínú ìdàgbàsókè òwò? Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìnagijẹ náà kò fi bí i nínú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wá ẹni tó mọ nǹkan ṣe tí kò mọ ẹni tó máa rà á, kó wá ẹni tó fẹ́ rà á tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, kó mú àwọn méjèèjì mọra, kó sì dúró tì wọ́n títí ọjà á fi wọkọ̀.

Orí àjà kẹta ni ọ́fíìsì wọn wà, nínú ilé kan tí lífítì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Tábìlì mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò ṣeé tì dáadáa, ó sì kún fún àjákù awọ, ìdérí ìgò, ọṣẹ tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ àti téèpù ìwọnṣọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá wọn pè wọ́n jọ. Ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn nǹkan tuntun ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fi báírò há etí bíi káfíńtà.

"Ìjọba ti ra ètò kọ̀ǹpútà tuntun," ló wí. "Oníbàárà á tẹ ohun tó fẹ́, kọ̀ǹpútà á fi ẹni tó ń ṣe é hàn án, kíá. Kí n má fọ̀rọ̀ pa mọ́ fún yín, bí ọdún bá fi máa parí, tábìlì kan ló máa kù níbí. Ẹni tí oníbàárà bá buwọ́ lùwé àdéhùn lọ́dọ̀ rẹ̀ ni tábìlì tirẹ̀ máa dúró." Ó wá yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ kúkú ni òwe yẹn, Alárinà. Bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba."

Àwọn méjì tó kù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ohun kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lókè òkun ti rí báàgì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ awọ, ó ti fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ wá buwọ́ lùwé fún rẹpẹtẹ. Bó bá buwọ́ lù ú, tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dúró nìyẹn, àwọn oníṣẹ́ awọ tó ti ń fi bàtà gbígán jẹun á sì ríṣẹ́ gidi ṣe fún ọdún kan gbáko.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ sáńpù díẹ̀, nítorí òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Sáńpù ni ẹyọ kan tí oníbàárà máa kọ́kọ́ rí, tó máa fi díwọ̀n ìyókù. Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ kan láyé yìí tẹ́ ẹ máa sọ pé kó mú ẹyọ kan wá tí kò ní mú èyí tó dára jù. Ta ló ń fi àléébù ara rẹ̀ han àlejò? Ṣùgbọ́n Alárinà ní òfin tirẹ̀: ẹ má mú èyí tó dára jù. Á ní kí wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ wọn jọ sórí tábìlì, á dijú, á ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì, èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà ló máa lọ.

"Oníbàárà ò ní ra ẹyọ kan," ló máa ń sọ fún wọn. "Òkìtì ló máa rà. Ẹ fi òkìtì hàn án."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á ní ilé ìwé wo ni wọ́n ti kọ́ ọ ní fífi ojú dídì ṣòwò. Ojú rẹ̀ ti rí nǹkan kó tó sọ ọ́ di òfin.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ti ṣe fún àwọn oníṣẹ́ awọ nígbà tí obìnrin òkè òkun yẹn kọ́kọ́ béèrè sáńpù. Báàgì tọ́wọ́ rẹ̀ bà le dáadáa, àmọ́ ojú rírán rẹ̀ wọ́ díẹ̀ nítòsí ìmúlọ́wọ́. Ó dì í, ó gbé e fún Bàbá Abẹ́rẹ́, àgbà wọn, pé kó bá òun fi ránṣẹ́, torí ilé ìfìwéránṣẹ́ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Bàbá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é nítorí pé bó bá fi abẹ́rẹ́ kan awọ, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tó gbà wọlé.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, oníbàárà gúnlẹ̀, ó gorí àtẹ̀gùn wá kí wọn. Ó gbé sáńpù náà kalẹ̀. "Èyí gan-an ni mo fẹ́," ló wí. "Kí gbogbo wọn rí báyìí."

Alárinà gbé báàgì náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ojú rírán rẹ̀ lọ tààrà bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Ó wo ìdí ìmúlọ́wọ́ rẹ̀, kò rí ibi tó wọ́. Báàgì yìí kọ́ lọ́wọ́ òun bà. Ó fi ẹ̀rín sin oníbàárà dé ìsàlẹ̀, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ awọ lọ ní kánmọ́kánmọ́.

Ṣọ́ọ̀bù náà gùn tóóró, òórùn gọ́ọ̀mù gbabẹ̀ kan, òòlù sì ń ró. Bàbá Abẹ́rẹ́ jókòó sídìí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Báàgì tí mo gbé fún yín lọ́jọ́sí, ṣé òun náà lẹ fi ránṣẹ́?"

Bàbá kò gbójú sókè. "Báàgì kúkú ni mo fi ránṣẹ́."

"Bàbá."

"Ó dáa, kì í ṣòun. Ìwọ náà wò ó, ọmọ mi. Ọmọ tí ikun ń dà nímú ẹ̀, ṣé òun lèèyàn máa rán lọ sóde kó lọ ṣojú ilé? Ojú tì mí. Mo jókòó, mo fọwọ́ ara mi rán òmíì. Tìrẹ rèé lábẹ́ àpótí mi."

"Ta ló tún lè rán irú ẹ̀ níbí?"

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ wá nǹkan wò nílẹ̀. Bàbá wò wọ́n yíká. "Tí wọ́n bá fún mi lọ́dún márùn-ún kí n fi kọ́ wọn, bóyá."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, lóṣù kan?"

"Ojú mi ti ń darúgbó. Tó bá pọ̀ gan-an, mẹ́ta."

Alárinà jókòó sórí àpótí. Inú bí i débi pé ó fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n a kì í pariwo mọ́ ẹni tó tó bíni lọ́mọ. Ó sì tún ṣòro láti bínú sí ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ nítorí pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀.

Ó padà sí ọ́fíìsì, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ṣí kọ̀ǹpútà, ó nàka sí i. Àmì aláwọ̀ ewé ti tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn oníṣẹ́ awọ: wọ́n bá oníbàárà mu. "Kọ̀ǹpútà ti so wọ́n pọ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó buwọ́ lùwé. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, tiwọn nìyẹn. Alárinà kì í bá tọkọtaya wọ yàrá."

Nílé nírọ̀lẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ ń lọ aṣọ, òun ń gé ẹ̀fọ́. Ọmọ náà ti jáde ìwé mẹ́wàá, ó sì ti ń sọ láti ọjọ́ yìí pé iṣẹ́ màmá òun lòun máa kọ́.

"Màmá, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá fi máa parí yunifásítì, iṣẹ́ yín ò ní sí mọ́. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà á ti gbà á."

"Ìdajì ẹ̀ máa lọ, wọn ò parọ́. Ká wá ẹni tó ń tà, ká wá ẹni tó ń rà, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í béèrè owó ọkọ̀."

"Ìdajì tó kù ńkọ́?"

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Alárinà a yẹ̀ba lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, ta ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè? Ẹni tó mọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni. Tí mo bá ti parọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ni mo fẹ́ wá sọ?" Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ọ̀rọ̀ sì parí fún un. "Màá sọ òótọ́ fún obìnrin yẹn lọ́la. Ẹ̀rù ń bà mí o. Àmọ́ màá sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó ti to omi inú ike sí i. Alárinà pàdé oníbàárà nísàlẹ̀, kò jẹ́ kó gòkè rárá. Ṣọ́ọ̀bù ló mú un lọ. Wọ́n kó báàgì jọ bí òkìtì, ó gbé ti Bàbá Abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mọ̀dáàmú, èyí tẹ́ ẹ rí, bàbá yìí nìkan ló lè rán an. Èyí tẹ́ ẹ máa gbà nìwọ̀nyí."

Oníbàárà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ tàn mí jẹ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí tí mo fi mú yín wá síbí kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé nìyẹn."

Bàbá Abẹ́rẹ́ dìde. "Èmi ni o, kì í ṣòun. Ojú dídì lòun fi mú tirẹ̀ nínú òkìtì, èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀. Ojú ló tì mí."

Obìnrin náà gbé ọ̀kan tó wọ́ lójú rírán nínú òkìtì, ó fẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi gbogbo agbára fa ìmúlọ́wọ́ rẹ̀. Kò mira. Ó kó báàgì méjèèjì dání, ó ní, "Màá rò ó wò." Gbogbo ẹni tó bá ń tajà ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọjà ti bọ́.

Nígbà tí ọ̀gá gbọ́, ó bínú. "Ẹ fọwọ́ ara yín tú ìgbéyàwó ká!" Alárinà tọrọ gáfárà, ó wá páálí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ sínú rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́, kò sì díbọ́n pé kò bàjẹ́. Síbẹ̀ láràárọ̀, kó tó gòkè lọ sí ọ́fíìsì, ó máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti bá Bàbá Abẹ́rẹ́ jà, ó bẹ̀ ẹ́, ó tún bá a jà, títí tí bàbá fi gbà láti máa kọ́ àwọn yòókù ní rírán ìdí ìmúlọ́wọ́. "Bí tábìlì bá lọ," ló sọ fún wọn, "ẹsẹ̀ mi ò lọ."

Nígbà tí ọdún ń kógbá sílé, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ oníbàárà. Báàgì tó wọ́ lójú rírán ló ti ń gbé jáde lójoojúmọ́, nínú òjò, nínú ọkọ̀, kò já, kò tú. Àwọn tó wọ́ bẹ́ẹ̀ lòun fẹ́ rà, wọn kò ní pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, owó rẹ̀ náà kò sì ní tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ní àdéhùn kan péré: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kó ọjà, obìnrin ọjọ́sí gbọ́dọ̀ fojú dídì mú sáńpù láti inú òkìtì. Bí kò bá sí obìnrin náà, kò sí ọjà.

Ọ̀gá kà á. Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó wá ibi tó máa tẹ àdéhùn náà sí, ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò rí àyè kankan. Ó fi báírò há etí padà. "Ẹ tú páálí yẹn," ló wí.

Ó tú u. Ṣùgbọ́n ó ká páálí náà mọ́ abẹ́ tábìlì, torí kì í ṣe ọmọdé, ó mọ̀ pé ọdún mìíràn máa gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó ọjà àkọ́kọ́, ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání lọ. Bàbá Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi ìborùn di ojú Alárinà. Ó ti ọwọ́ bọ òkìtì, ó fa ọ̀kan yọ, ó ṣíjú. Ìdí ìmúlọ́wọ́ rẹ̀ wọ́, kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ awọ mí kanlẹ̀, ẹni tó rán an dorí kodò.

Bàbá gba báàgì náà. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wò ó pẹ́. Alárinà ti múra ìjà sílẹ̀. Bàbá tẹ́ bébà, ó dì í, ó fi okùn so ó pinpin, ó gbé e sí abíyá. Bó ṣe ń jáde lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, Alárinà ṣẹ́jú sí ọmọbìnrin rẹ̀ pé kó tẹ̀ lé e.

Bàbá gbúròó ẹsẹ̀ lẹ́yìn, ó yíjú padà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ti fi ẹ̀ṣọ́ tì mí. Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ikun ń dà nímú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ wa ni. Máa bọ̀, Alárinà kékeré, kí wọ́n má tilẹ̀kùn mọ́ ọn."