Mẹ́wàá Ni, Kì í Ṣe Méjìlá

Olùkọ́ kẹ́mísírì ni obìnrin náà, Ìyá Átọ́ọ̀mù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlélógún nídìí pátákó. Ṣọ́ọ̀kì ti sọ èékánná rẹ̀ di funfun.

Ó ní ọ̀nà tirẹ̀. "Ilé ni átọ́ọ̀mù," a máa wí fún wọn. "Pírótọ́ọ̀nù, onílàjà. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, oníjà. Níútírọ́ọ̀nù ńkọ́? Ó jókòó jẹ́ẹ́, kò dá sí tọ̀tún, kò dá sí tòsì. Onílàjà mọ́kànlá, oníjà mọ́kànlá: ilé tòrò. Bí oníjà kan bá bínú jáde ńkọ́?"

"Àlàáfíà fi ẹyọ kan lé!" kíláàsì á pariwo.

"Òun ni àmì ìròpọ̀ tí ẹ ń rí lórí átọ́ọ̀mù yẹn. Ẹni tó lọ ló fà á, kì í ṣe ẹni tó dé."

Lọ́dún yìí, wọ́n pè é láti wá máàkì ìdánwò àṣekágbá, bí wọ́n ti ń pè é lọ́dọọdún. Gbọ̀ngàn ńlá, tábìlì gígùn, fáànù tó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó ṣí ìwé ìdáhùn tí wọ́n fi ń máàkì. Ìbéèrè kẹrin: áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù, ilé tí oníjà kan ti bínú jáde, àmì ìròpọ̀ kan lórí rẹ̀. Pírótọ́ọ̀nù mọ́kànlá. Ó dáa. Níútírọ́ọ̀nù méjìlá. Ó dáa. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjìlá.

Méjìlá kẹ̀! Ẹnìkan rí àmì ìròpọ̀, ó sáré ro ọ̀kan mọ́ mọ́kànlá.

Ọmọ tó ni ìwé tó wà níwájú rẹ̀ kọ mẹ́wàá. Kò mọ ọmọ náà rí, nọ́ńbà lásán ni. Máàkì méjìdínlógójì ló ní láìka ìdáhùn yìí. Ẹni tí kò bá gba ogójì ti fìdí rẹmi. Máàkì méjì sì ni ìdáhùn yìí.

Ó gbé ìwé ìdáhùn náà sókè. "Ọ̀gá, ẹ wá wo ìranù yìí!"

Ọ̀gá àwọn amáàkì wò ó fìrí. "Wọ́n ti buwọ́ lù ú, mà. Ohun tí wọ́n kọ la ó máàkì."

"Ṣé ìbuwọ́lùwé ló ń dá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni?"

"Ìyá Átọ́ọ̀mù, ṣé ẹ̀yin lẹ bí átọ́ọ̀mù ni?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"N ò bí i, ṣùgbọ́n mo mọ iye àwọn tó ń gbé inú ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n! Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n!"

Kálukú padà sídìí ìwé tó ń máàkì. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ogún olùkọ́ nínú yàrá kan, kò sẹ́ni tí kò mọ òótọ́, síbẹ̀ wọ́n ń fa igi pupa lé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

"Bí ẹ ò bá lè tẹ̀ lé e," ọ̀gá wí, "wọn ò ní pè yín wá síbí mọ́ o."

"Kí wọ́n má pè mí."

Ó kọ ogójì. Òfin ni pé amáàkì kì í kọ orúkọ sára ìwé. Ó kọ tirẹ̀, tòun ti ti bàbá rẹ̀, gàdàgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì náà.

"Ẹni tó bá fẹ́ pa á rẹ́, kó kọ orúkọ tiẹ̀ náà síbẹ̀."

Ó fa ìwé mìíràn. Mẹ́wàá. Ó fún un ní máàkì méjì.