Ọ̀wẹ̀ Orí Fóònù

Bí fóònù yẹn ṣe gbóná ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ọmọ náà gbé e fún mi kó lè ráyè mu omi, ó gbóná bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná, mo ń gbé e láti ọwọ́ kan sí èkejì. Nǹkan róbótó kan ń yí láàárín ojú rẹ̀. Ọmọ ní kí n má fọwọ́ kàn án, kí n kàn máa wò ó. Mo wò ó títí. Kò dá yíyí dúró, kò sì ṣe nǹkan mìíràn.

Mi ò lọ sílé ìwé. Ọ̀pẹ ni mo gùn títí orúnkún mi fi kọ̀ ọ́. Ọmọ-ọmọ mi ni mò ń sọ yìí, òun náà ló ń bá mi kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kú, ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí ní Òkìtìpupa. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú. Ó ṣe ìdánwò sí ilé ìwé nọ́ọ̀sì kan tó jìnnà sí wa, wọn ò mú un. Ó tún un ṣe lọ́dún kejì, wọn ò mú un. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n mú un. Àṣé ìyẹn ò tíì tó. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ wọ orí sáìtì wọn lọ sọ pé òun gba àyè náà. Wọ́n dá ọjọ́ fún un. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bá lu tí o ò tíì sọ ọ́, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ fún mi. Mo ní, "Ṣebí kí o kàn sọ pé o gbà á ni. Kí ló le níbẹ̀?" Mo rò pé ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá pe èèyàn tó sì dáhùn.

Sáìtì ò ṣí. Ọmọ tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Ilẹ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn mọ́ bá a lẹ́nu títẹ̀.

Aládùúrà ni wá, a kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ìjọ. Ní àdúrà òwúrọ̀ ọjọ́ náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í yá mi lẹ́nu, Ìyá Ìjọ ló bá mi sọ ọ́ parí. Ó wá yíjú sí gbogbo wa. "Ṣé ọmọ yìí nìkan ló máa dá a tẹ̀ ni? Ká ní oko rẹ̀ ló kún, ṣé a ò ní bá a ro ó?"

"A ó bá a ro ó!"

"Ó yá, ẹ yọ fóònù yín!"

Bí ọ̀wẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà kan yọ fóònù kékeré oníbọ́tìnnì tiẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní, "Màmá, tiyín ò lè wọ íńtánẹ́ẹ̀tì." Ó ní, "Kò kàn yín. Olúwa ṣáà máa mọ̀ pé mo wà níbẹ̀." Ọmọ náà dìde, ó ń pe nọ́ńbà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tó fi ń wọlé, bí ìgbà tí wọ́n ń ka orin kí ìjọ tó kọ ọ́, gbogbo wọn sì ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé e. Mo wo gbogbo aṣọ funfun yẹn, orí ní títẹ̀ba, àtàǹpàkò ń ṣiṣẹ́. Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú. Mo ní kò sí ilẹ̀kùn tí irú èrò yìí ò ní ṣí. Hùn.

Àbúrò mi wà níbẹ̀, ó wá láti Ìyànsàn. Ó gba nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ àṣírí náà, ó wọ bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ìdí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an ni ilé mi wà. Ẹ̀yin ẹ máa tẹ̀ ẹ́ níbí, èmi á lọ tẹ̀ ẹ́ láti orísun." Ó gun òkadà lọ.

Èmi àti ọmọ padà sílé. Kò pẹ́, ó pariwo, "Baba, ó ti ń ṣí!" Mo rí orúkọ rẹ̀ tó jáde. Ó fẹ́ tẹ ibi tí wọ́n ti máa ń gbà á, gbogbo rẹ̀ di funfun, wọ́n ní kó tún wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún wọlé. Wọ́n tún lé e. Bó ṣe ń rí nìyẹn títí oòrùn fi kan àtàrí. Kò sunkún. Ìgbà tí kò sunkún yẹn ló bà mí lẹ́rù.

Olùkọ́ kan ń gbé yàrá iwájú ilé mi, ó wá láti ìhà Ọ̀yọ́, kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó yà wálé wá jẹun, ó wo fóònù náà lọ́wọ́ ọmọ. "Ta ló tún mọ nọ́ńbà yìí?"

Ọmọ wò mí.

Mo ní, "Ìjọ."

"Ta ni nínú ìjọ, Baba?"

"Gbogbo ìjọ."

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Baba, gbogbo orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyí, inú àká kan ni wọ́n kó o sí. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọ inú àká lọ wá tiẹ̀ jáde. Bí èèyàn bá mọ níwọ̀n, kíá ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló dé lónìí, tọmọ tòbí. Ẹni tó bá sì sú, tó tún un tẹ̀, iṣẹ́ tuntun ló tún kó lé wọn lórí."

Mo ní, "Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo ní Ìkọ̀yà, nígbà tí gbogbo èèyàn bá gbé ẹyìn dé lẹ́ẹ̀kan náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìyẹn kọ́ ló wá burú jù. Nọ́ńbà kan, fóònù kan ni wọ́n ń gbà sínú ilé. Bí ẹlòmíràn bá fi nọ́ńbà ọmọ yìí wọlé, ó ti lé ọmọ náà síta nìyẹn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ ló ń lé e."

Mo bi í bóyá a lè pa ọ̀rọ̀ àṣírí náà dà. Ó ní inú àká kan náà ni wọ́n ti ń pa á dà, kò ní ṣí.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá wọn níbi tí mo fi wọ́n sí, wọn ò tíì lọ sóko, wọn ò tíì jẹun. Báwo lo ṣe máa sọ fún àwọn tó wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún ọ pé ọkọ́ wọn ló ń gé ẹ̀gẹ́ rẹ? Ìyá Ìjọ ní, "Baba, àbí a ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa?" Mo ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká pa gbogbo fóònù, ká kó o síwájú pẹpẹ, ká fi lé Olúwa lọ́wọ́." Wọ́n pa á, wọ́n kó o síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Mo rọra jáde.

Ó ku àbúrò mi. Mo pè é, kò wọlé. Mo gun òkadà lọ sí Ìyànsàn, ẹ̀yìn ń ro mí ní gbogbo ihò tí a bọ́ sí. Abẹ́ igi ni mo bá a. Pupurú tó fẹ́ jẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dé e, kò fọwọ́ kàn án. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dúpẹ́ o! Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀. Ó ń ṣí fún mi! Bó bá ti sé, màá tún wọlé. Mo rí orúkọ ọmọ wa gan-an!"

Mo la ẹnu kí n sọ ọ́ fún un. Mo wo ìka rẹ̀ lórí fóònù yẹn, mi ò lè sọ ọ́. Mo ní, "Ó ti wọlé."

"Kí lẹ wí?"

"Ó ti gbà á. Pa fóònù, kí o jẹun."

Ó wólẹ̀, ó ń yí nínú iyanrìn. Ó pe ìyàwó, ó pe ará ilé. "Ìka mi ló ṣe é! Ẹ̀gbọ́n, àbí ìka mi kọ́?" Mo ní ìka rẹ̀ ni. Ó pa fóònù, ó ṣí pupurú. Mo jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí mò ń padà, irọ́ náà wúwo lára mi ju ọ̀nà lọ. Mo ń rò ó, bí aago mẹ́rin bá lu láìgbà á, ojú wo ni mo máa fi wò ó?

Mo bá ọmọ lórí bẹ́ǹṣì, ó da fóònù dé sórí itan. Mo bu omi, mi ò mu ún.

Ó ní, "Baba, ẹ jókòó. Ó gbà á. Kò tíì pẹ́ púpọ̀." Ìgbà yẹn ló wá sunkún.

Mo rò ó wò. Ó ní láti jẹ́ àsìkò tí àbúrò mi wà lẹ́nu pupurú yẹn.

Ó ti ń rẹ̀ mí báyìí, mi ò lè sọ púpọ̀ mọ́. Bí nǹkan róbótó yẹn bá ń yí lójú fóònù ẹnikẹ́ni nílé yìí, n kì í dá sí i. Mo kàn máa ń jókòó tì wọ́n. Àbúrò mi sọ ìtàn ìka rẹ̀ káàkiri Ìyànsàn dé Òsòòrò, èmi ò jiyàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ti re ọ̀run báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Nígbà àìsàn rẹ̀, ọmọ yìí ló tọ́jú rẹ̀. Bó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, àbúrò mi á na ìka ọ̀tún sí i.

"Rọra gún un o. Òun ló sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì."

Ọmọ á gbá ìka náà mú. "Mo mọ̀, Baba Kékeré."