Ìwé Tí A Jókòó Lé

Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ti péjọ báyìí, ẹjọ́ ọmọdé ni wọn yóò máa rò: ọmọ ìwòyí kì í kàwé, fóònù ti gbà wọ́n lójú, ìwé aláwòrán tí à ń jà sí nígbà èwe wa kò sí mọ́. Mo máa ń dákẹ́ ni. Bí mo bá la ẹnu, ìjà ni yóò dé, nítorí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Òṣòdì bíi tèmi, a sì jọ mọ ẹni tó pa ìwé náà. Kì í ṣe fóònù. Àwa ni, ní ìrọ̀lẹ́, nínú pálọ̀ Ìyá Ìbejì.

Kọ́míìkì là ń pè é nígbà náà. Bàbá mi ló ń kó o wálé. Inú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ń gbá ní pápákọ̀, ohun tí àwọn ọmọ òyìnbó bá sì gbàgbé sórí àga, wọ́n á ká a sínú báàgì. Òmíràn kò léèpo, kọfí ti dà sórí òmíràn, ti òmíràn ni pé ojú ewé ìparí ti ya dànù, débi pé a kì í mọ̀ bóyá wọ́n mú olè náà àbí ó bọ́.

Àǹtí ló ń kà á fún wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, wọ́n mú un wá láti Èkìtì kí ó lè lọ sílé-ìwé l'Ékòó. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, èmi sì jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án. Akólòlò ni Àǹtí, kì í sì í ṣe kólòlò kékeré. Bí ó bá fẹ́ sọ pé omi, ọrùn rẹ̀ á le, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lu ilẹ̀, ẹni tó bi í léèrè á ti lọ bu omi fúnra rẹ̀. Ní ilé-ìwé, bí tíṣà bá ń pe orúkọ láàárọ̀, kí ìdáhùn tó yọ lẹ́nu rẹ̀, tíṣà á ti pe ọmọ mẹ́ta mìíràn, á ti sàmì sí i pé kò wá. Ó jókòó síbẹ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀, ìwé ń sọ pé kò wá. Nígbà tí wọ́n kọ lẹ́tà sí bàbá mi pé ọmọ yín kì í wá sílé-ìwé, bàbá mi nà án kí wọ́n tó béèrè. Àǹtí kò lọ mọ́. Ta ni ì bá lọ?

Àwọn ará ilé wa á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Wọ́n rò pé ìtùnú ni. Mo kórìíra òwe yẹn títí dòní.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣí kọ́míìkì, ahọ́n rẹ̀ á tú. Bóyá nítorí pé ohùn ẹlòmíràn ló ń yá lò, n kò mọ̀. Ẹ̀yìn ibùdókọ̀ Bọ́ládé là ń gbé, a máa ń jókòó lẹ́bàá kànga ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ onílẹ̀ àti ọmọ àtọ̀húnrìnwá. Àǹtí á kọ ojú ìwé sí wa, á fi ìka tọ́ka àwòrán, á máa yí òyìnbó inú rẹ̀ sí Yorùbá, ohùn rẹ̀ á borí ariwo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Ìsọlọ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà á máa fi ohùn lánlọ́ọ̀dù wa pàṣẹ. Ajá á máa fi Èkìtì bú olè. Níbi tí ewé bá ti ya, á fi tirẹ̀ dí i, tirẹ̀ ló sì máa ń dùn jù. Bí ó bá pa ìwé dé, a ó di etí aṣọ rẹ̀ mú: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ kan sí i!" Lẹ́yìn kíkà, fún bíi wákàtí kan, kólòlò náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Á pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tààrà. Ìyá mi ṣàkíyèsí rẹ̀. Wọ́n ní bó bá ń bá a lọ báyìí, Àǹtí á padà sílé-ìwé ní oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀.

Ọdún yẹn gan-an ni owó epo rọ̀bì dé. Ìjọba fi kún owó oṣù, wọ́n tún san ti ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ọn, Òṣòdì ya wèrè. Ọkùnrin kan ní àdúgbò wa ra mọ́tò kí ó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Ọkọ Ìyá Ìbejì, akọ̀wé ìjọba ní ojúlé tó kọjú sí tiwa, ra tẹlifíṣọ̀n: àpótí onígi ńlá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tó ní ìlẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́. Ó tún ra kápẹ́ẹ̀tì pupa. Kápẹ́ẹ̀tì yẹn ló bà wá jẹ́.

Ìyá Ìbejì kò lé ọmọ kankan. Ó fẹ́ kí ayé rí òun. Àmọ́ ìdí àwọn ọmọ kún fún iyẹ̀pẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́: "Kápẹ́ẹ̀tì yìí, bránúù ni o! Kálukú mú pépà tó máa jókòó lé wá. Nó pépà, nó tẹlifíṣọ̀n!"

Níbo la ti fẹ́ rí pépà? Ìwé ilé-ìwé, ẹgba ni yóò fà. Ọmọ kan jókòó lé kọ́míìkì tó yá lọ́wọ́ Àǹtí, kò sì sí ẹni tó bá a wí. Lọ́jọ́ kejì gbogbo wọn ti dé ẹnu ọ̀nà wa: "Àǹtí, ẹ yá mi ní kọ́míìkì kan." Àǹtí rò pé wọ́n fẹ́ lọ kà á fúnra wọn ni. Inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Á máa ṣa èyí tó dára jù fún wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lu ilẹ̀ títí á fi rí i sọ pé kí wọ́n má ya á. Lẹ́yìn náà á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sẹ́bàá kànga, á máa dúró dè wọ́n kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n rí kà. Ilẹ̀ á ṣú, wọn ò ní dé.

Mo mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀, n kò sọ. Kódà, méjì lèmi ń mú jáde, ọ̀kan fún ara mi, ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ mi tó ń fún mi ní bisikíìtì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àǹtí wá wa dé pálọ̀ náà. Ó mú kọ́míìkì kan dání, èyí tí bàbá mi kó dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí kò ya rárá, tó pé láti èèpo dé èèpo. A ò rí irú rẹ̀ rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wá wo ilẹ̀. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń ti ìdí ọmọ kan bọ́ sí ìdí ọmọ kejì. Ó ń dá wọn mọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé ajá náà, ìwé ṣọ́jà náà. Nígbà tó kàn mí, ẹnu rẹ̀ là. Orúkọ mi ló fẹ́ pè. Ọrùn rẹ̀ le, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu sìmẹ́ńtì, kò jáde.

"Ta ló dí ọ̀nà yẹn?" Ìyá Ìbejì pariwo. "O ò ṣáà ní pépà lọ́wọ́ ni? Jókòó lé e, jàre!"

Ẹnì kan nínú wa sín Àǹtí jẹ, ó ń ṣe gbà-gbà-gbà, ó ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀. Ẹ̀rín pa wá. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò sì dìde tẹ̀lé e nígbà tó yí padà, nítorí ẹni tó bá dìde, wọ́n á gba àyè rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo dá ìwé náà padà fún un. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìdí mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ na ojú ewé rẹ̀, ó tò ó mọ́ ìyókù. Kò bú mi. Ì bá tilẹ̀ gbá mi létí. Lọ́jọ́ kejì mo lọ jókòó lẹ́bàá kànga, èmi nìkan, mo ní, "Àǹtí, ẹ kà á fún mi." Ó mi orí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìyá mi ti ń fi kọ́míìkì dáná. Oṣù kìíní dé, kò padà sílé-ìwé. Èkìtì ló padà sí.

Ibẹ̀ ló wà di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Bí mo bá pè é, ọ̀kan nínú wọn ló máa ń dáhùn: "Wọ́n ní kí n kí yín, mà." Lẹ́ẹ̀kan báyìí, mo bẹ ọmọ náà kí ó gbé fóònù sí i létí. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lu ilẹ̀, mo sì mọ̀ pé orúkọ mi ló ń wá.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Mo ń gbọ́ yín. Mi ò lọ síbì kankan."

Ẹsẹ̀ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọmọ yẹn: "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ti bọ́ síta."