Fáànù Tí Wọ́n Dè Sódì

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mẹkáníìkì ní Okokomaiko, ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nílé ọkọ. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé sí ìlú, tí ọkọ mi ra mọ́tò, gbogbo Sátidé ni àwa méjèèjì máa ń gbéra láti Ìbà lọ sí Àgbádárìgì, lọ gba atẹ́gùn òkun. Títí dòní, kò sí ohun tí ọkàn mi ń fà sí tó ìrìn yẹn.

Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, wá kán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ra òmíràn tí kì í ṣe ojúlówó, ó sì dè é. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ka ìwé inú páálí rẹ̀, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ kọ síwájú o. Ẹ́ńjìnnì máa gbóná jù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà! Ṣé ṣọ́ọ̀kì lo fẹ́ fi tún mọ́tò ṣe?" Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé, ní Ìjànikin, omi hó, ẹ́ńjìnnì sì kú pátápátá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ fún gbogbo ẹbí pé ẹnu burúkú mi ni ó bà á jẹ́. Ọkọ mi gbà á gbọ́. Ó ra mọ́tò mìíràn, ṣùgbọ́n kò gbé mi lọ sétí òkun mọ́ títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ ọ̀pá wá bá mi: "Ìyàwó, ọjọ́ tí mo tú fáànù yẹn lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì kú ni mo ti rí i pé òdì ni mo dè é sí. Mi ò kàn lè sọ ọ́ lójú àbúrò mi ni."